Àkópọ̀ Ìwé Kì í Ṣe Ìwé

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ wa, ẹ jẹ́ ká bá ara wa sọ òótọ́. Ìdánwò lítíréṣọ̀ ń bọ̀, àkópọ̀ ìwé sì ti ń fò kiri lórí WhatsApp: ojú ewé mẹ́fà tó ní òun ni Rẹ́rẹ́ Rún. Ta ni olórí àwọn òṣìṣẹ́? Kí ni kókó ọ̀rọ̀? Dárúkọ ọnà èdè márùn-ún. A ó há a sórí, a ó bì í sórí ìwé ìdánwò, a ó gba A. Àwa náà ti ṣe é. Nínú àwa mẹ́rin tí a jọ kọ èyí, mẹ́ta ló ti yege nínú ìdánwò lórí ìwé tí wọn kò ṣí wò rí.

Ohun tó ń bí wa nínú ni pé àwọn kan ti sọ ọ́ di ọgbọ́n. Wọ́n ní ìtàn kan náà ṣáà ni. Irọ́ ni!

Ẹ wo Àjà Ló Lẹrù tí Ọládẹ̀jọ Òkédìjí kọ ní 1969. Àkópọ̀ yóò sọ fún yín pé Lápàdé, ọlọ́pàá tó ti fiṣẹ́ sílẹ̀, ń tọpa àwọn ọ̀daràn. Ó tán. Ọ̀kan nínú wa rí ìwé yẹn nínú àpótí bàbá rẹ̀ nígbà tó wà ní JSS2, èèpo ẹ̀yìn rẹ̀ ti ya. Ọjọ́ mẹ́ta ló fi bá Lápàdé fura sí gbogbo ayé. Títí dòní, ẹ kò lè sọ ìròyìn kan fún un kó má bi yín pé, "Ta ló jẹ èrè ẹ̀?" Ìwé ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ náà ló sì fẹ́ fi ṣe iṣẹ́ àpilẹ̀kọ rẹ̀. Ẹlòmíràn nínú wa máa ń ka Aláwìíyé sókè fún ìyá rẹ̀ àgbà tí kò mọ̀wé. Màmá á ní, "Tún un kà, kò dùn létí." Ọmọ yẹn kò lè kọ gbólóhùn kan báyìí kó má kọ́kọ́ fi ẹnu tọ́ ọ wò. Ohun tí èèyàn bá kà pẹ́ ló ń yan ohun tí yóò máa wù ú. Èwo ni ojú ewé mẹ́fà lè yàn?

Fágúnwà gbé Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀ jáde ní 1938. Ní 1968, Wọlé Ṣóyínká túmọ̀ rẹ̀ sí èdè Gẹ̀ẹ́sì. Ṣé àkópọ̀ ló kà ni?

A mọ̀ pé ìwé wọ́n. Òmíràn kò sí lórí àtẹ mọ́, èyí tó sì wà ní láíbìrì, ẹnì kan ti fa ojú ewé rẹ̀ ya (ẹni náà mọ ara rẹ̀). Ṣùgbọ́n ẹ̀dà kan tó èèyàn mẹ́wàá tí wọ́n bá ń kà á sókè.

Ẹ̀yin olùkọ́ wa, ẹ má bínú sí wa: ìbéèrè tí àkópọ̀ lè dáhùn lẹ ń bi wá. Ẹ bi wá ní ohun tó yà wá lẹ́nu, ẹ ó rí i bí ọ̀pọ̀ wa yóò ṣe máa wo òkè àjà. Ẹ̀yin tí ẹ ti kẹ́kọ̀ọ́ yege lọ, ìwé yín tó wà nínú páálí, ikán ló ń kà á. Ẹ fi ránṣẹ́ sí wa.

Ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀, a ó bẹ̀rẹ̀ Rẹ́rẹ́ Rún láti ojú ewé àkọ́kọ́. Eré onítàn ni, ohùn ló ń fẹ́. Ẹ̀dà kan ṣoṣo ló wà lọ́wọ́ wa, àmọ́ ojú ewé rẹ̀ pé. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe Láwúwo, kó tètè dé.