Ta Ni Ìyá Kòkòrò Inú Àgbàdo Yìí?

Ẹ̀yin ìyá mi tó ń sun àgbàdo lójú títì Okokomaiko, ẹ̀yin tó ń sè é lọ́jà Ìbà, ọ̀dọ̀ yín ni lẹ́tà ọ̀sẹ̀ yìí ti wá. Ìyá kan l'Ọ́jọ̀ọ́ ní òun ṣí háhá àgbàdo, kòkòrò ló bá níbẹ̀, oníbàárà sì bínú lọ. Ó ní níbo nirú kòkòrò yìí ti wá gan-an, òun ò mọ̀ ọ́n nígbà tóun wà lọ́mọdé.

Ìyá, òótọ́ lẹ sọ. Kòkòrò àgbàdo ti wà látayébáyé, àmọ́ èyí tó ní àmì bíi lẹ́tà Y tí wọ́n dorí rẹ̀ kodò níwájú orí, tó tún ní àmì dúdú mẹ́rin nítòsí ìdí, àlejò ni. Fall armyworm lòyìnbó ń pè é. Ọdún 2016 ló fojú hàn ní Nàìjíríà, Benin, Togo àti erékùṣù São Tomé. Kódà, oko àwọn onímọ̀ IITA n'Ìbàdàn ò bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé ó ní mọ̀lẹ́bí tó jẹ́ ti Áfíríkà, wọ́n sì jọra púpọ̀ nígbà tí wọ́n bá kéré. Báwo ni wọ́n ṣe wá mọ àlejò yàtọ̀ sónílé? Ìdí ìyá rẹ̀ ni wọ́n wò.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń tún jẹnẹrétọ̀ ṣe l'Álábà, ẹ gbọ́ tiyín. Èèyàn o, ẹran o, kòkòrò o, ègé kéékèèké tójú lásán ò rí ló para pọ̀ di ara wa. Nínú àwọn ègé yìí ni ohun kan wà tó ń ṣe bíi jẹnẹrétọ̀: oúnjẹ lepo rẹ̀, agbára tá a fi ń rìn niná tó ń gbé jáde. Mitochondria lorúkọ rẹ̀. Ó ní ìwé tirẹ̀ lọ́tọ̀. Ti kòkòrò máa ń tó lẹ́tà 15,000 sí 16,000. Ọwọ́ ìyá lọmọ ti ń gbà á, bàbá ò dá sí i.

Bí wọ́n ṣe ń dà á kọ láti ìran dé ìran, àṣìkọ díẹ̀díẹ̀ á máa wọ̀ ọ́. Àwọn tí àṣìkọ wọn bá bára mu, iyèkan tó sún mọ́ra ni wọ́n. Àwọn tí tiwọn yàtọ̀ gan-an, ó ti pẹ́ tí wọ́n ti pín yà. (Ẹ̀yin káfíńtà, ó wà lára ohun tí wọ́n fi mọ̀ pé ìdílé aáyán ni ikán tó ń jẹ igi yín ti jáde. Ẹ ò rí nǹkan!)

Nígbà tí wọ́n ka díẹ̀ nínú ìwé ìyá kòkòrò wa, ti Amẹ́ríkà ló bá mu. Oríṣi méjì ni wọ́n sì rí, ìyẹn ni pé kì í ṣe abo kan ṣoṣo ló kó wa sí wàhálà.

Ibi tó dùn mọ́ mi jù rèé. L'Ámẹ́ríkà, ẹ̀yà méjì ni kòkòrò náà: ọ̀kan fẹ́ràn ìrẹsì àti koríko, èkejì fẹ́ràn àgbàdo. Púpọ̀ nínú èyí tó wà ní Áfíríkà, ìwé ìyá wọn ní ẹ̀yà ìrẹsì ni wọ́n. Àgbàdo ni wọ́n sì ń jẹ! Ẹ̀yà méjèèjì ti fẹ́ra wọn ni. Ìgbà tí wọ́n yẹ ìwé tó kan bàbá wò, ti ẹ̀yà àgbàdo ni wọ́n bá. Ẹni tó bá wo ti ìyá nìkan, á ní kí olóko àgbàdo lọ sùn.

Owó yín lọ̀rọ̀ yìí kàn. Abo kan lè yé ẹyin tó lé ní 1,000, ó sì lè fò tó 100 kìlómítà lóru ọjọ́ kan. Lọ́dún 2018, ó ti dé India. Inú ewé lọ́hùn-ún ló ń sá sí, tí oògùn tí wọ́n ń fín ò ní bá a. Àmọ́ bí wọ́n ti mọ̀ ọ́n, wọ́n mọ ọ̀tá rẹ̀ náà: agbọ́n kékeré kan, Telenomus remus, tó ń yé sínú ẹyin rẹ̀. Wọ́n ti ń lò ó l'Ámẹ́ríkà. Lọ́dún 2019, àwọn onímọ̀ kọ ọ́ síta pé ó ti wà ní Benin, níbi tẹ́ ẹ máa dé tẹ́ ẹ bá gba Sẹ̀mẹ́ kọjá.

Ìyá, ẹ máa ṣí háhá wò kẹ́ ẹ tó sanwó. Èyí tó bá ti bu, ẹ dá a padà fún un.