Wáyà Dígí Abẹ́ Ilẹ̀: Ẹ Jẹ́ Ká Bèèrè Ká Tó Gbẹ́lẹ̀

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wa ní Ìgbòho, ọ̀rọ̀ tí a mú wá lóṣù yìí kan àpò gbogbo wa.

Ní ọjọ́ ọjà kan tí kò tíì pẹ́, oníbàárà kan láti ọ̀nà jíjìn ra iṣu lọ́wọ́ ọ̀kan nínú àwọn ìyá wa. Wọ́n ti kó iṣu sínú ọkọ̀ tán kí nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó lọ. Oníbàárà ní òun ti fi owó ránṣẹ́, ìyá kò rí àláàtì. Èyí kò fẹ́ já iṣu sílẹ̀, ìyẹn kò jẹ́ kí ọkọ̀ gbéra. Ilẹ̀ ṣú mọ́ wọn lọ́jà. Ìgbà tó yá la gbọ́ pé àwọn tó ń gbẹ́ gọ́tà lẹ́bàá títì ló gé wáyà.

Ọ̀pọ̀ nínú wa rò pé afẹ́fẹ́ nìkan ni ọ̀rọ̀ inú fóònù ń gbà dé Èkó. Láti ọwọ́ yín dé orí òpó, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n láti ibẹ̀, tàbí láti ìlú tó wà níwájú, inú wáyà dígí tí wọ́n ń pè ní fáíbà ló ń bọ́ sí. Dígí náà tẹ́ẹ́rẹ́ bí irun orí, ìmọ́lẹ̀ ló sì ń gbé ọ̀rọ̀ gba inú rẹ̀ kọjá. Láti Èkó, ó wọ inú òkun lọ sí Yúróòpù. Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹta ọdún 2024, wáyà mẹ́rin já lábẹ́ òkun nítòsí Abidjan, níbi tí ọ̀pọ̀ Yorùbá ti ń ṣòwò. Ẹ rántí bí báńkì ṣe dojú rú nílé wa níbí.

Wáyà yìí kì í ṣe wáyà iná tí èèyàn lè lọ́ pọ̀ kó fi téèpù dì í. Tí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ jù, ìmọ́lẹ̀ inú rẹ̀ á jò dànù. Tí eruku bá bà lé ojú rẹ̀, ọ̀rọ̀ kò ní lọ geere. Ẹni tó fẹ́ so ó á fi spírìtì nù ún, á gé ojú rẹ̀ kó gún régé, ẹ̀rọ á wá fi iná yọ́ ojú méjèèjì pọ̀. Wáyà kan lè ní okùn dígí 48 tàbí 96 nínú, ọ̀kọ̀ọ̀kan la sì gbọ́dọ̀ so. Ṣé ẹ wá rí ìdí tí àtúnṣe fi ń pẹ́?

Àjọ NCC sọ pé láàárín oṣù kìíní sí oṣù kẹjọ ọdún 2025, wáyà já lọ́nà 19,384 ní Nàìjíríà. Oníkatapílà títì ń gé e, iná igbó ń jó o níbi tí wọ́n bá ta á sórí òpó, olè náà ń gé e. Olè ọ̀hún kò tilẹ̀ rí nǹkan tà, nítorí dígí ni, kò sí kọ́pà nínú rẹ̀!

Àwọn kan nínú wa ń sọ pé: "Wọ́n la oko wa kọjá, wọn kò bi wá, wọn kò sanwó. Kí ló kàn wá?" Ẹ̀dùn ọkàn yìí tọ́, a kò ní fọwọ́ bò ó. Ẹni tó bá la oko olóko gbọ́dọ̀ bá olóko sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n bí a bá tìtorí ìbínú gé wáyà, ọjà ta ni yóò dúró? Ẹ kò ṣáà tíì gbàgbé ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023, nígbà tí owó náírà wọ́n bí ojú, tó jẹ́ pé tiránsífà la fi ń jẹun. Ẹ̀wọ̀n sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú: ní ọdún 2024, Ààrẹ Tinubu fọwọ́ sí àṣẹ tó ka irú wáyà bẹ́ẹ̀ mọ́ dúkìá pàtàkì ìjọba àpapọ̀.

Èrò wa nìyí. Èkíní, kí ẹnikẹ́ni tó gbẹ́ kànga, ìpìlẹ̀ ilé tàbí gọ́tà lẹ́bàá títì, kó kọ́kọ́ bèèrè. Tí ẹ bá rí òpó kékeré tí wọ́n fi sàmì, tàbí ọ̀rá tí wọ́n tẹ́ sórí wáyà nínú ilẹ̀, ẹ dáwọ́ dúró. Èkejì, tí ẹ bá rí èyí tó já, ẹ má fà á, ẹ má sì wo ojú rẹ̀, nítorí ìmọ́lẹ̀ tí a kò lè rí lè wà níbẹ̀ tó lè ba ojú jẹ́. Ẹ ké sí ilé-iṣẹ́ tó ni ín. Ẹ̀kẹta, kí ẹgbẹ́ wa kọ̀wé sí ìjọba ìbílẹ̀ àti àwọn ilé-iṣẹ́ náà, kí wọ́n sọ ibi tí wáyà gbà fún wa, kí wọ́n sì sanwó irè oko tí wọ́n bà jẹ́. Ẹ̀kẹrin, ṣebí à ń yáni lówó ra irúgbìn àti ọ̀kadà? Ẹ jẹ́ ká yá ọmọ wa méjì lówó lọ kọ́ iṣẹ́ síso wáyà yìí, kí àtúnṣe má baà máa ti ọ̀nà jíjìn wá.

Ẹ gbé ọ̀rọ̀ yìí wá sí ìpàdé gbogbogbòò. Ẹni tí kò bá gbà pẹ̀lú wa, kó dìde sọ tirẹ̀. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Ọjà á tà o.