Ẹ Má Fi Òkèlè Tì Í Lọ́fun Mọ́

Ìgbàgbọ́ kan wà tó ti jinlẹ̀ ní Ìlọrin, láti Òkè-Súnà dé Adéwọlé, láti Ọjà-Ọba dé Tánkẹ̀: aláìsàn tó bá ti ń jẹun, ara rẹ̀ ti ń yá nìyẹn, èyí tí kò bá jẹun, òun ló ń ṣe ara rẹ̀. A fi òwe gbè é lẹ́yìn, a ní oúnjẹ lọ̀rẹ́ àwọ̀. A fi ìfẹ́ gbè é lẹ́yìn pẹ̀lú, torí kò sẹ́ni tó ń lọ kí aláìsàn lọ́wọ́ òfo nílùú yìí. Mo kọ ìwé yìí láti ta ko ìgbàgbọ́ náà lórí irú aláìsàn kan ṣoṣo, ẹni tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún kí ó lè dín sísanra kù. Lórí ẹni yẹn, ìgbàgbọ́ wa kò tọ̀nà rárá, ó sì ń ṣe é léṣe.

Irú wọn ti ń wà láàárín wa. Àwọn kan ṣe é ní Èkó tàbí Àbújá, àwọn kan fò lọ sí Íńdíà tàbí Tọ́kì, àwọn mìíràn ní ọmọ lókè òkun tó sanwó rẹ̀. Àwọn kan nínú wọn kì í sọ fún ará ilé. Wọ́n á ní àwọn lọ fún àyẹ̀wò, wọ́n á dé pẹ̀lú àpá kéékèèké lójú ikùn, wọ́n á sì máa fi aṣọ bò ó. Ẹnu wa ni wọ́n ń sá fún: pé ọ̀lẹ ni wọ́n, pé wọn kò lè kó ara wọn níjàánu nídìí oúnjẹ. Èmi kò ní pẹ́ lórí èyí. Ẹni tí ìsanrajù ti kó àtọ̀gbẹ, ẹ̀jẹ̀ ríru àti orúnkún dídùn bá, ìtọ́jú ló lọ gbà. A kì í pe ẹni tó lọ gé kókó inú ilé-ọmọ ní ọ̀lẹ.

Ohun tó ká mi lára ni ohun tí à ń ṣe fún un nígbà tó bá délé. Ìyá á ro àmàlà, á bu gbẹ̀gìrì àti ewédú sí i, á gbé e síwájú rẹ̀. Yóò mú òkèlè kan. Kí ó tó mú ìkejì, nǹkan á ti há a láyà, itọ́ á kún ẹnu rẹ̀, yóò sáré jáde lọ bì. Gbogbo ilé á dìde. "Ṣé ọbẹ̀ ni kò dùn ni?" "Ẹ rọra gbìyànjú, Alhája, ẹ fi omi sún un." "Báwo lo ṣe fẹ́ lókun bí o ò bá jẹun?" Wọ́n á tún bu òmíràn wá. Kò sí ìkankan nínú ọ̀rọ̀ wọ̀nyí tí a fi ìkà sọ, ìyẹn gan-an ló jẹ́ kó ṣòro fún ẹni náà láti kọ̀. Yóò tún mú òkèlè nítorí ojú ìyá rẹ̀, yóò sì tún bì.

Ẹ gbọ́ ohun tí wọ́n ṣe sí i. Oríṣi méjì ló wọ́pọ̀ jù nínú iṣẹ́ abẹ yìí. Nínú èkínní, wọ́n á gé bí ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún àpò oúnjẹ dànù, ìyókù á rí gbọọrọ. Nínú èkejì, wọ́n á pa òkè àpò náà láàlà sí àpò kékeré kan, wọ́n á so ìfun mọ́ ọn, oúnjẹ kò sì ní gba inú ìyókù kọjá mọ́. Edward Mason, oníṣẹ́ abẹ ní Yunifásítì Iowa ní Amẹ́ríkà, ló bẹ̀rẹ̀ irú èkejì yìí fún ìsanrajù ní 1966, lẹ́yìn tó ti kíyè sí i pé àwọn tí wọ́n gé lára àpò oúnjẹ wọn nítorí ọgbẹ́ inú kì í sábà sanra mọ́. Ẹ wá mú omi inú ọ̀rá kan tí wọ́n ń tà ní gbogbo ìkóríta Ìlọrin, ìdajì lítà ló wà nínú rẹ̀. Àpò oúnjẹ tí kò sóhun tó ṣe é lè gba ọ̀rá méjì sí mẹ́ta. Lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ èkínní, ohun tó kù kì í sábà gbà ju ìdá kan nínú mẹ́ta ọ̀rá kan ṣoṣo. Lẹ́yìn èkejì, ohun tó ń gbà ní ìbẹ̀rẹ̀ jẹ́ bíi 30 mílílítà, ìyẹn ṣíbí ìjẹun ńlá méjì. Inú àyè yìí la fẹ́ kó abọ́ àmàlà sí.

Bó bá ṣe pé àyè nìkan ni, ì bá rọrùn, a ó kàn máa bu kékeré fún un. Ṣùgbọ́n ẹ wo bí a ṣe ń jẹ oúnjẹ wa. A kì í rún òkèlè, a ń mì ín ni. Ìdí tí a fi ń fẹ́ kí ewédú yọ̀, kí ilá fà, ni kí òkèlè lè sọ̀ láìjẹ́ pé eyín kàn án. Ọmọ tó bá ń rún iyán lẹ́nu, àgbà á ní kí ó mì ín. Gbogbo iṣẹ́ tí eyín kò ṣe, àpò oúnjẹ ló ń bá wa ṣe é: ó ń pò ó, ó ń lọ̀ ọ́, ó ń da omi kíkan sí i, títí yóò fi di ohun ṣíṣàn tó lè kọjá sí ìfun. Ẹni tí wọ́n ti gé èyí tó pọ̀ jù nínú àpò náà kúrò lára rẹ̀ kò ní olùrànlọ́wọ́ yẹn mọ́. Ẹnu rẹ̀ ni lílọ̀ gbọ́dọ̀ ti parí. Òkèlè tó bá mì odidi á jókòó sí ojú ọ̀nà tó ti fún, tó ṣì wú nítorí ojú abẹ, kò ní lọ síwájú, kò sì ní padà bí kò ṣe pé ó bì í. Oúnjẹ tó ń lẹ̀ pọ̀, búrẹ́dì, ìrẹsì àti ẹran pupa tó le ni àwọn tó ń tọ́jú irú aláìsàn yìí mọ̀ pé ó máa ń há jù. Iyán, ẹ̀bà àti àmàlà, ṣé wọn kì í lẹ̀ pọ̀ ni? Pọ̀nmọ́ ńkọ́? Ẹni tó bá ní kí ó fi omi sún un tún bà á jẹ́ sí i, nítorí ìlànà wọn ni pé omi àti oúnjẹ kì í wọlé pọ̀; wọ́n á jẹun tán, wọ́n á dúró bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kí wọ́n tó mu omi.

Àwọn kan á ní agídí ni, pé bí ebi bá pa á tó, yóò jẹ. Ní 1999, àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ní Jàpáànù kéde èròjà kan nínú ara tí wọ́n ń pè ní ghrelin, òun ló máa ń ránṣẹ́ sí ọpọlọ pé ebi dé. Òkè àpò oúnjẹ ni èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ ti ń wá, apá yẹn gan-an ni wọ́n sì gé dànù nínú iṣẹ́ abẹ èkínní. Ìránṣẹ́ tí ẹ ń retí pé kó wá jí i ti lọ. Ahọ́n àti imú máa ń yí padà pẹ̀lú. Obìnrin tó fẹ́ràn gbẹ̀gìrì láti kékeré lè máa sá fún òórùn rẹ̀ fún oṣù púpọ̀. Kò kórìíra ọbẹ̀ ìyá rẹ̀, kò sì di òyìnbó.

Èyí tó ń dùn mí jù ni ti mọ́ọ̀tì. Àlejò á gbé páálí mọ́ọ̀tì àti mílíìkì agolo wá, wọ́n á po méjèèjì pọ̀, wọ́n á ní ẹ̀jẹ̀ ni yóò fún un. Mọ́ọ̀tì kún fún ṣúgà. Lára ẹni tí wọ́n so ìfun rẹ̀ mọ́ àpò kékeré, ṣúgà kì í dúró níbì kan, inú ìfun ló ń já sí lẹ́ẹ̀kan náà, ara á sì da omi bò ó níbẹ̀. Kí ó tó pẹ́, àyà rẹ̀ á máa lù kìkì, yóò làágùn, òòyì á kọ́ ọ, inú á máa lọ́ ọ, ìgbẹ́ gbuuru á sì lé e dìde. Àwọn tó jókòó tì í á ní àìlókun ló ń ṣe é, wọ́n á tún ṣí ìgò kejì. Gúlúkóòsì tí a ń pò sómi kò yàtọ̀.

Wọ́n á bi mí pé ṣé kí a jẹ́ kí ebi pa á kú ni. Rárá o. Oúnjẹ rẹ̀ ní ìpele, ìlànà tí ilé ìwòsàn tó ṣe é kọ fún un ló sì lékè ohun tí èmi ń kọ síbí. Omi àti omi ẹran tí a ti sẹ́ ló máa ń ṣáájú, ní díẹ̀díẹ̀. Lẹ́yìn náà ohun mímu tó ní èròjà nínú, fún bí ọ̀sẹ̀ méjì. Lẹ́yìn náà oúnjẹ tí a lọ̀ kúnná. Lẹ́yìn náà èyí tó rọ̀. Ó lè tó ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ kí ó tó fẹnu kan ohun tí ará ilé ń jẹ, díẹ̀díẹ̀, ní rírún dáadáa. Ohun tí ara rẹ̀ ń wá jù ni púrótéènì, bí gíráàmù 60 lójúmọ́ ó kéré tán. Àwọn kan á gbọ́ èyí, wọ́n á wá máa fún un ní ẹ̀kọ mímu lásán fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, nítorí pé ó rọ̀. Ẹ̀kọ rọ̀ lóòótọ́, àmọ́ púrótéènì inú rẹ̀ kò tó nǹkan. Irun á bẹ̀rẹ̀ sí í já, iṣan á sì máa jò. Ìlọrin kò kúkú ṣaláìní ohun tó dára jù bẹ́ẹ̀. Wàrà tí àwọn obìnrin Fúlàní ń fi ewé bọ̀mùbọ̀mù mú kí ó dì, tí wọ́n ń kiri rẹ̀ wá sí ẹnu ọ̀nà wa, púrótéènì ni. Tí ó bá ti dé ìpele oúnjẹ rírọ̀, ẹ sè é kí ó rọ̀, ẹ má dín in, kí ẹ sì kọ́kọ́ wò ó bóyá ara rẹ̀ gba mílíìkì. Ọ̀lẹ̀lẹ̀ tó rọ̀, tí ata àti epo rẹ̀ kò pọ̀, ẹja tí a yọ eegun rẹ̀, ẹyin tí a sè tí kò le: ìwọ̀nyí ni oúnjẹ rẹ̀. Ṣíbí kékeré ni kí ẹ fún un, kí ẹ má sì dúró lé e lórí.

Bí ọ̀sẹ̀ ti ń lọ, ọ̀pọ̀ wọn ni ara wọn máa ń gba oúnjẹ sí i, àwọn kan á tún lè jẹ òkèlè bíńtín. Fítámì ni wọn kò ní fi sílẹ̀ títí ayé, pàápàá B12, torí inú àpò oúnjẹ ni ohun tó ń jẹ́ kí ara gbà á ti ń wá.

Ọ̀rọ̀ ààwẹ̀ náà wà ńlẹ̀. Ní ìlú tí gbogbo ilé ti ń jí sè sààrì, ojú máa ń ti ẹni tí kò gbààwẹ̀. Ẹni yìí gbọ́dọ̀ máa mu omi ní díẹ̀díẹ̀ láti àárọ̀ ṣúlẹ̀. Kò lè dà á mu lẹ́ẹ̀kan ní àkókò ìṣínu, torí àpò náà kò gbà á. Àlùkùránì fúnra rẹ̀ ti yọ aláìsàn sílẹ̀ nínú Súrátù Bákárà. Kí ó bi dókítà rẹ̀ nígbà tí yóò lè gbà á, kí ẹnikẹ́ni má sì fi ojú ẹlẹ́ṣẹ̀ wò ó.

Ìdajì kejì ìgbàgbọ́ wa, pé ẹni tí kò jẹun ló ń ṣe ara rẹ̀, ló burú jù. Ẹni tó ti fi òkèlè tì í tí kò ṣiṣẹ́ á wá ní, "Ẹ fi í sílẹ̀, yóò mọ́ ọn lára." Èébì tí kò dáwọ́ dúró kì í mọ́ni lára. Ó lè jẹ́ pé ibi tí wọ́n so ti fún jù, àwọn dókítà sì lè fi ẹ̀rọ tín-ín-rín tó ń gba ọ̀fun wọlé fẹ̀ ẹ́. Èébì náà tún lè mú fítámì B1 tán lára, torí ohun tí ara ń tọ́jú pamọ́ nínú rẹ̀ kò ju ti ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta lọ. Bí ó bá tán, ẹsẹ̀ á máa ta ẹni náà, ìrìn rẹ̀ á di tàgétàgé, yóò máa rí nǹkan ní méjì-méjì, iyè rẹ̀ á ra. Níbẹ̀ ni wọ́n á ti máa pariwo pé wọ́n ti ṣe é, tí wọ́n á gbé e lọ sọ́dọ̀ àáfà. Mo gbà pé àdúrà ń gbà. Ẹ máa ṣe é nínú ọkọ̀ tó ń gbé e lọ sí ilé ìwòsàn, torí bí abẹ́rẹ́ B1 bá pẹ́ jù, ọpọlọ rẹ̀ lè má bọ̀ sípò mọ́.

Nítorí náà, bí omi lásán kò bá dúró nínú rẹ̀ fún ọjọ́ kan, tàbí tí ara rẹ̀ gbóná, tí ikùn ń dùn ún gan-an, tí àyà rẹ̀ ń sáré láìdáwọ́ dúró, ẹ má gbé e lọ sí kẹ́míìsì àdúgbò kí wọ́n so omi mọ́ ọn lọ́wọ́. Omi oníṣúgà tó bá ṣáájú fítámì B1 wọ ara rẹ̀ lè sọ ọ̀rọ̀ ọpọlọ náà di èyí tó le jù. Ilé ìwòsàn ńlá ni kí ẹ gbé e lọ, bí irú UITH, ilé ìwòsàn Yunifásítì Ìlọrin, tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ ní 1980. Ẹ mú ìwé tí wọ́n fún un níbi iṣẹ́ abẹ dání. Bó bá ti fi ọ̀rọ̀ náà pamọ́ fún yín tẹ́lẹ̀, ọjọ́ yẹn kọ́ ni ẹ ó bá a jà. Ẹ sọ irú iṣẹ́ abẹ tó ṣe fún dókítà, ọjọ́ tó ṣe é àti ọjọ́ tí èébì bẹ̀rẹ̀, kí ẹ sì béèrè fítámì B1 kí wọ́n tó so omi kankan mọ́ ọn.