Oúnjẹ Òròmọdìẹ

Ẹ̀yin ìyá àti bàbá wa, ìyá kan sọ fún mi lẹ́yìn ẹ̀kọ́ pé òun kò ní sin adìẹ mọ́. Òròmọdìẹ méjìlá ni adìẹ rẹ̀ pa, mẹ́ta ló kù, bẹ́ẹ̀ sì ni ó ń fún wọn ní èèrí àgbàdo lójoojúmọ́. Mo gbà á gbọ́. Ṣùgbọ́n èèrí nìkan kì í mú ara òròmọdìẹ dàgbà. Ikán ń ṣe é, ògán sì pọ̀ lóko wa ní Ìdáàṣà.

Ẹ kó pòròpórò àgbàdo àti ìgbẹ́ màlúù gbígbẹ sínú ìkòkò àtijọ́, ẹ wọ́n omi sí i, ẹ dojú rẹ̀ bo ihò ikán ní ìrọ̀lẹ́. Láàárọ̀, kí oòrùn tó mú, ẹ dà á fún àwọn òròmọdìẹ. Ẹ lé àwọn àgbà adìẹ sẹ́yìn o, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ wọn kò ní ṣẹ́ nǹkan kù!

Ẹni tí èyí bá pa lẹ́rìn-ín, kí ó dé Songhai ní Àjàṣẹ́, tí Àlùfáà Godfrey Nzamujo dá sílẹ̀ ní 1985: ìdin ni wọ́n ń sìn níbẹ̀ láti fi bọ́ ẹja.

Bí ikán bá wọ́n, ẹ yan sọ́yà kí ẹ tó lọ̀ ọ́. Tútù rẹ̀ kì í jẹ́ kí oúnjẹ dà nínú adìẹ. Ní ti àrùn Newcastle tí ń pa agbo adìẹ tán, oúnjẹ kò ràn án. Ẹ jẹ́ kí wọ́n gba àjẹsára kí ọyẹ́ tó dé.