Ta Ló Ní Kí Akọrin Yorùbá Lọ Yá Fáwẹ̀lì Ní Ítálì?

Ẹ̀yin ará ẹ̀ka wa, ẹ rántí ohun tí wọ́n kọ́ wa ní ọdún kìn-ín-ní, tí ọ̀pọ̀ wa kó jùnù lẹ́yìn ìdánwò. Fáwẹ̀lì àìránmúpè méje ni Yorùbá ní: a, e, ẹ, i, o, ọ, u. Ẹ wá wo èdè Ítálì. Nínú sílébù tí wọ́n bá tẹnu mọ́, méje ni tiwọn náà, méje kan náà sì ni. Wọ́n ní e, wọ́n ní ẹ. Wọ́n ní o, wọ́n ní ọ. Ìwé wọn ni kì í sábà fi ìyàtọ̀ hàn.

Ìdí tí mo fi sọ èyí ni pé mo ní ọ̀rẹ́ kan tó ń kọ́ ẹ̀kọ́ orin ní yunifásítì, ohùn soprano ló ń kọ. Orin Ítálì ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ fún un, wọ́n fi Jámánì àti Gẹ̀ẹ́sì tẹ̀ lé e. Orin Yorùbá máa ń wà ní ìparí ètò, ẹyọ kan péré, bí èènì lórí gààrí. Àlàyé tí wọ́n ṣe fún un ni pé fáwẹ̀lì Ítálì mọ́ gaara, ó sì ń la ọ̀fun akọrin. Mi ò bá wọn jiyàn. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ fáwẹ̀lì là ń wá, ṣé ó yẹ ká rìn jìnnà tó bẹ́ẹ̀? Sílébù tiwa kì í fi kọ́ńsónáǹtì parí, a kì í sì í to kọ́ńsónáǹtì méjì léra. Èdè wo ló tún fẹ́ rọ akọrin lọ́rùn jù báyìí lọ?

Ẹ wo ọ̀sẹ̀ kan nínú ayé ọmọbìnrin yìí. Mowe ni ilé wọn. Láàárọ̀, á wọ kòrópe dé ojú títì, á wọ bọ́ọ̀sì kọjá Ibafo àti Magboro, á wá bá súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Kara pàdé, níbi tó ti máa ń rọra kùn orin lábẹ́ imú tí àwọn èrò á máa wò ó bí ẹni tí nǹkan ń ṣe. Lálẹ́, ìgbaradì eré orí ìtàgé. Ní Sátidé, wọ́n lè pè é síbi ìsìnkú ní Ifo. Ní Sọ́ńdè, ó wà nínú ẹgbẹ́ akọrin ní Ibafo. Nígbà mìíràn wọ́n á fún un ní owó ọkọ̀, nígbà mìíràn àdúrà ni. (Ọ̀rọ̀ owó yẹn tó kọ àpilẹ̀kọ tirẹ̀ lọ́tọ̀.) Nínú gbogbo ibi wọ̀nyí, kò sí èyí tí wọ́n ti ní kó kọ Ítálì. Yorùbá ni gbogbo wọn ń fẹ́.

Níbi ìsìnkú kan ní Ifo, ó kọrin, gbogbo ilé pa rọ́rọ́. Lẹ́yìn ìsìn, ìyá àgbàlagbà kan dì mọ́ ọn, ó súre fún un dáadáa, ó wá bi í pé èdè wo ló fi kọrin náà. Yorùbá ni o! Ẹ̀rín ló fi sọ ọ́ fún mi, àmọ́ mo mọ̀ pé ó dùn ún.

Kí ló fà á? Wọ́n ti kọ́ ọ kó má jẹ̀ẹ́ kí ohùn gba imú jáde. Ìyẹn dára fún Ítálì, ṣùgbọ́n àwa ní fáwẹ̀lì àránmúpè: ìyìn tó bá ti pàdánù imú rẹ̀ ti fẹ́ di iyì. Èyí tó tún le jù ni ohùn ọ̀rọ̀. Bí orin bá ń gòkè níbi tí ọ̀rọ̀ ti ń sọ̀ kalẹ̀, ẹ̀rù á di ẹrú létí ẹni tí kò mọ orin náà tẹ́lẹ̀. Ọ̀pọ̀ orin ìjọ tí wọ́n túmọ̀ láti Gẹ̀ẹ́sì ló ní àrùn yìí. Ó ti mọ́ wa lára ni a fi ń lóye wọn.

Ìṣòro náà kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, àwọn ará agbègbè wa sì ti bá a jà. Àlùfáà J. J. Ransome-Kuti ti Abẹ́òkúta, bàbá bàbá Fela, gba orin ẹ̀mí tirẹ̀ lédè Yorùbá sínú rẹ́kọ́dù ní London ní 1922. (Bí ẹ bá wọ rélùwéè láti Èkó lọ sí Abẹ́òkúta, orúkọ ìyàwó ọmọ rẹ̀, Fúnmiláyọ̀, ló wà lára ibùdókọ̀ Papalanto, tí kò jìnnà sí Ifo.) T. K. E. Phillips, tó ń tẹ dùùrù ní kàtídírà Èkó, kọ odidi ìwé lórí orin Yorùbá, ó jáde ní 1953. Hubert Ògúnńdé ọmọ Òsosà, ìjọ ló kọ́kọ́ ṣe eré fún, tí wọ́n ṣe ní Glover Hall ní 1944. Dúró Ládípọ̀ mú ìlù wọ orin Àjíǹde nínú ìjọ ní Òṣogbo, ó di awuyewuye. Ní 1963 ó gbé Ọba Kò So jáde, nígbà tó sì di 1964, wọ́n ti ń ṣe é ní Berlin. Yorùbá ni wọ́n gbọ́ ní Berlin. Nítorí náà, ẹni tó bá ní orin Yorùbá kò lè gbé akọrin kọjá odò, kó dákun lọ tún ìtàn kà.

Mi ò ní kí wọ́n gbé Ítálì jù sígbó o. Ohun tí mo ń sọ ni pé kí ìdajì orin tí ọmọ ẹ̀kọ́ orin máa kọ níwájú èrò ní ọdún àṣekágbá jẹ́ ti èdè ilé wa, kí wọ́n sì fún un ní máàkì lórí ohùn ọ̀rọ̀ bí wọ́n ṣe ń fún un lórí ìpè Ítálì.

Àwa náà ńkọ́? Gbogbo ìgbà là ń fi Praat wo ohùn ẹni tó ń sọ̀rọ̀. Mélòó nínú iṣẹ́ àṣekágbá wa ló ti wo ohùn ẹni tó ń kọrin? Ẹ̀yin àgbà wa tí ẹ ti di olùkọ́, ẹ lè bá wa bá ẹ̀ka orin sọ ọ́, kí ọmọ ibí àti ọmọ ọ̀hún jọ ṣe iṣẹ́ ìwádìí kan pọ̀.

Èmi àti ọ̀rẹ́ mi ti bẹ̀rẹ̀ tiwa. Ó fi orin mẹ́rin ránṣẹ́ lórí WhatsApp, láìsí àmì lókè, láìsí àmì nísàlẹ̀. Mo ti fi àmì sí mẹ́ta. Nínú ìkẹrin la ti bá "oko" pàdé: ṣé oko ni, àbí ọkọ, àbí ọkọ̀, àbí ọkọ́? Orin náà gòkè níbẹ̀, nítorí náà èmi ní ọkọ́ ni. Òun ní ọkọ̀ ni, pé ẹni tó ṣe orin yẹn kò ka ohùn sí rárá.