Ẹ̀bi Ta Ni?

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní, ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Òwe yìí bá sinimá tí a ń pè ní Frankenstein mu rẹ́gí. Ọdún 1931 ni James Whale ṣe é ní Amẹ́ríkà, láti inú ìtàn tí Mary Shelley, ọmọbìnrin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tẹ̀ jáde ní ọdún 1818, nígbà tí ó jẹ́ ẹni ogún ọdún.

Nínú sinimá náà, Henry Frankenstein jẹ́ ọ̀mọ̀wé tí ìfẹ́ àwárí ti gbà lọ́kàn. Ó hú òkú nínú ibojì, ó rán ẹ̀yà ara wọn pọ̀, ó sì ní kí Fritz abuké, ìránṣẹ́ rẹ̀, lọ jí ọpọlọ ènìyàn wá ní ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn. Èyí tí ó dára já bọ́ lọ́wọ́ Fritz, ó fọ́. Ó bá gbé ti ọ̀daràn wá. Ní òru ọjọ́ kan tí àrá ń sán, tí mànàmáná ń kọ, wọ́n gbé òkú náà sókè sí òrùlé ilé gogoro kan. Nígbà tí wọn yóò fi sọ̀ ọ́ kalẹ̀, ọwọ́ òkú ti ń mì.

Àwọn kan a máa wí pé ọpọlọ ọ̀daràn ni ó ba ẹ̀dá náà jẹ́. Àwọn mìíràn a ní ìjìyà ẹni tí ó tú àṣírí Ẹlẹ́dàá nìyẹn. Ṣùgbọ́n kí a wo ìṣe ẹ̀dá náà fúnra rẹ̀. Nígbà tí ó kọ́kọ́ rí ìmọ́lẹ̀, ńṣe ni ó nawọ́ sí i bí ọmọ titun tí ń nawọ́ sí ìyá rẹ̀. Ògùṣọ̀ ni Fritz fi dẹ́rù bà á. Wọ́n fi ẹ̀wọ̀n dè é, Fritz sì ń nà án ní pàṣán títí ó fi pa á. Ẹni tí ó dá a kò kọ́ ọ ní ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, bẹ́ẹ̀ ni kò sọ ọ́ ní orúkọ. Ó fi í sílẹ̀ fún olùkọ́ rẹ̀ àtijọ́ láti pa, ó sì gba ilé lọ láti ṣe ìgbéyàwó.

Ẹ̀dá náà sá lọ. Ní etí adágún omi, ọmọdébìnrin kan tí ń jẹ́ Maria fún un ní òdòdó. Àwọn méjèèjì ń ju òdòdó sómi, ó ń léfòó. Nígbà tí òdòdó tán, ó ju ọmọ náà, ó ṣe bí òun náà yóò léfòó. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni a gé ibi yìí kúrò nínú sinimá náà, títí a fi dá a padà lẹ́yìn ọdún 1980. Àwọn òǹwòran rí i tí ó nawọ́ sí ọmọ, lẹ́yìn náà wọ́n rí òkú ọmọ ní ọwọ́ baba rẹ̀. Bí a ti fi àìmọ̀kan rẹ̀ pamọ́ ni ó sọ ọ́ di ìkà lójú wọn.

Níkẹyìn, àwọn ará ìlú dáná sun ún nínú ilé ọlọ tí afẹ́fẹ́ ń yí. Frankenstein yè, ó padà sí ilé baba rẹ̀. Ìwádìí kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ ṣe ohun tí ẹnìkan kò ṣe rí, kí ó kọ́kọ́ bi ara rẹ̀ léèrè bí òun yóò lè dúró tì í nígbà tí ó bá dìde.