Ẹ̀yìnkùlé Kọ́ Ló Yẹ Kí Wọ́n Mú Link Wray Gbà Wọlé

Lọ́dún 1958, àwọn ilé iṣẹ́ rédíò kan ní New York àti Boston kọ̀ láti máa lu orin kan tí kò ní ọ̀rọ̀ kankan nínú. Kò sí èébú níbẹ̀, kò sí ọ̀rọ̀ ìbàjẹ́, ẹnikẹ́ni ò dárúkọ ìjọba. Gìtá, báàsì àti ìlù ni, ìṣẹ́jú méjì àti díẹ̀ sì ni gbogbo rẹ̀. Rumble ni wọ́n pe orin náà, orúkọ tí àwọn ọmọ ìta ń pe ìjà ẹgbẹ́ sí ẹgbẹ́ nígbà yẹn, ẹ̀rù sì ń ba àwọn onírédíò pé yóò ti àwọn ọ̀dọ́ sí jàgídíjàgan. Bí wọ́n bá ní gángan bú ọba ní ilẹ̀ Yorùbá, ẹni tó gbọ́ ìlù á lè sọ gbólóhùn tó fi bú u. Ti Link Wray, onígìtá tó lu Rumble, ò ní gbólóhùn tí ẹnikẹ́ni lè tọ́ka sí. Ohùn gìtá rẹ̀ gan-an ni wọ́n kà sí ẹ̀ṣẹ̀.

Ọkùnrin tó dẹ́rù ba ilé iṣẹ́ rédíò láì la ẹnu yìí, àwọn alákòóso Rock and Roll Hall of Fame, gbọ̀ngàn tí Amẹ́ríkà ti ń yẹ́ àwọn àgbà olórin rọ́ọ̀kì sí, fi í sílẹ̀ títí di 2023. Ó ti kú láti ọdún 18 sẹ́yìn nígbà náà. Nígbà tí wọ́n sì máa gbà á, wọn ò gbà á gẹ́gẹ́ bí olórin tó dá dúró. Ìsọ̀rí àwọn tí ẹlòmíràn kọ́ṣẹ́ lára wọn ni wọ́n fi í sí. Ẹ̀yẹ ni lóòótọ́, àmọ́ ẹ̀yìnkùlé ni wọ́n mú un gbà wọlé.

Ní Dunn, ìlú kékeré kan ní North Carolina, ni wọ́n ti bí i lọ́dún 1929. Ìdílé rẹ̀ ka ara wọn mọ́ ìran Shawnee, ọ̀kan lára àwọn ẹ̀yà tó ni ilẹ̀ Amẹ́ríkà kí àwọn òyìnbó tó dé, òun fúnra rẹ̀ sì máa ń sọ bí wọ́n ṣe ń sá pamọ́ nítorí àwọn Ku Klux Klan, ẹgbẹ́ òyìnbó tó ń dẹ́rù ba àwọn tí kì í ṣe aláwọ̀ funfun. Ó ní aláwọ̀ dúdú kan tó ń bá àwọn eléré rìnrìn àjò, tí wọ́n ń pè ní Hambone, ló kọ́kọ́ fi gìtá hàn án nígbà tó wà ní ọmọ ọdún mẹ́jọ. Lẹ́yìn náà ló ṣe ológun. Ikọ́ ẹ̀gbẹ mú un, wọ́n yọ ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ kan, àwọn dókítà sì sọ fún un pé kó má retí àtikọrin mọ́. Ó tún padà kọrin, nítorí olóríkunkun ni, ṣùgbọ́n gìtá ló gbé ẹrù náà fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Òde ijó kan ní Fredericksburg, ní Virginia, ni Rumble ti bẹ̀rẹ̀. Milt Grant, ẹni tó ń darí òde náà, ní kí wọ́n lu orin tí àwọn ọ̀dọ́ fi ń jó ijó tí wọ́n ń pè ní stroll. Wray ò mọ̀ ọ́n. Doug, àbúrò rẹ̀ tó ń lùlù, bẹ̀rẹ̀ ìlù náà, Wray sì gbé gìtá lé e bó ṣe wá sí i lọ́kàn. Àwọn ọmọ náà pariwo, wọ́n ní kó tún un lù, ó tún un lù, wọ́n tún bẹ̀ ẹ́. Ìgbà tí wọ́n dé sítúdíò ni ọ̀rọ̀ di wàhálà, torí pé ohùn tó jáde níbẹ̀ mọ́ jù. Wray mú pẹ́ńsù, ó fi gún sípíkà ẹ̀rọ gìtá rẹ̀ ní ihò káàkiri. Bébà inú sípíkà tó ti fàya wá ń gbọ̀n, ohùn gìtá há, ó ń kùn bí ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ tí sàlẹ́ǹsà rẹ̀ ti jábọ́. Ó lu kọ́ọ̀dù méjì, ó dúró díẹ̀ kó tó lu ẹ̀kẹta, ó sì fi í sílẹ̀ kó máa hó. Nígbà tí orin ń parí lọ, ó ń yí bọ́tìnì tó ń mú ohùn gbọ̀n, ohùn náà ń gbọ̀n kíákíá sí i títí ó fi pòórá.

Archie Bleyer tó ni Cadence, ilé iṣẹ́ tó ń gbé àwo jáde, ò fẹ́ràn orin náà rárá. Ọmọ ìyàwó rẹ̀ ló fẹ́ràn rẹ̀ tí wọ́n fi gbé e jáde. Pẹ̀lú gbogbo òfin rédíò, ó dé ipò 16 lórí àtẹ Billboard. Síbẹ̀, Cadence ò gbé àwo míì jáde fún un. Epic tó gbà á lẹ́yìn náà ní tiwọn ń fẹ́ kó di ọmọlúàbí: lẹ́yìn Rawhide lọ́dún 1959, wọ́n kó ẹgbẹ́ onífáólìn tì í lẹ́yìn pé kó máa lu àwọn orin jẹ́jẹ́. Kò sí ẹni tó ń tẹ́tí sí àwọn wọ̀nyẹn lónìí, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni ṣe bẹ́ẹ̀.

Ẹni tó bá fẹ́ gbè lẹ́yìn àwọn alákòóso Gbọ̀ngàn náà lè ní orin Wray tó tà kò pọ̀. Òótọ́ ni. Àwọn orin Duane Eddy tó wọ àtẹ ju ti Wray lọ fíìfíì, wọ́n sì ti gbà á láti 1994. Wọ́n gba The Ventures lọ́dún 2008, orin tí kò ní ọ̀rọ̀ sì ni iṣẹ́ tiwọn náà. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ ọjà títà ni òṣùwọ̀n, kí ni wọ́n fẹ́ sọ nípa Jimmy Page? Nínú fíìmù It Might Get Loud, Page mú àwo Rumble, ó gbé e sórí ẹ̀rọ nínú ilé rẹ̀, ó sì dúró ṣánṣán bí ọmọdé tó rí ẹ̀bùn ọdún. Ó ń rẹ́rìn-ín, ọwọ́ rẹ̀ ń lu gìtá tí kò sí níbẹ̀. Ọkùnrin tó dá Led Zeppelin sílẹ̀ nìyẹn o. Pete Townshend ti The Who ní tirẹ̀ sọ pé bí kì í bá ṣe ti Rumble, òun ì bá má gbé gìtá rárá. Ariwo líle tó di owó fún ẹgbẹ́ méjèèjì yìí, ẹni tó ní pẹ́ńsù ló kọ́kọ́ tà á fún ayé.

Wray ò sì dúró sójú kan. Ilé adìyẹ kan wà lórí ilẹ̀ ẹbí wọn ní Accokeek, ní Maryland, ibẹ̀ ni wọ́n sọ di sítúdíò. Nígbà tí wọ́n ń gba àwo rẹ̀ ti 1971 sílẹ̀ níbẹ̀, ẹsẹ̀ tí wọ́n ń fi lulẹ̀ àti agolo tí wọ́n da ìṣó sí ni wọ́n fi ṣe ìlù níbi tí ìlù ò ti sí, òun gan-an ló sì kọrin, pẹ̀lú ẹ̀dọ̀fóró kan. Àwo náà ò tà. Ó kó lọ sí Denmark nígbà tó yá, ó ń lu gìtá kiri Yúróòpù títí ó fi kú ní Copenhagen lóṣù kọkànlá ọdún 2005.

Lọ́dún 2018, Gbọ̀ngàn yìí kan náà mú Rumble mọ́ àwọn àwo orin mẹ́fà àkọ́kọ́ tó tún orin rọ́ọ̀kì ṣe. Wọ́n gba orin, wọ́n fi olórin sílẹ̀ síta! Ọdún márùn-ún lẹ́yìn èyí ni wọ́n wá rántí rẹ̀, Page ló sì gun orí ìtàgé ní Brooklyn láti lu Rumble.

Àtúnṣe ò le. Lọ́dún 2012, wọ́n yan ìgbìmọ̀ kan, wọ́n sì gba ẹgbẹ́ mẹ́fà tí wọ́n ti fojú fò dá nígbà tí wọ́n gba àwọn aṣáájú wọn nìkan. The Crickets, ẹgbẹ́ Buddy Holly, wà lára wọn. Kí wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ fún Link Wray, kí wọ́n gbé e kúrò ní ìsọ̀rí tó wà, kí wọ́n kọ ọ́ sáàárín àwọn olórin.